Jẹjẹrẹ Ẹ̀jẹ̀ Lára Àwọn Ọ̀dọ́: Ìtọ́jú Tó Ń Wo Ọmọdé Sàn Tọ́ Sí Àwọn Náà

Nínú gbogbo jẹjẹrẹ tó ń bá ọmọdé jà lágbàáyé, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní acute lymphoblastic leukemia, tí wọ́n gé kúrú sí ALL. Ní àwọn ilẹ̀ tí ètò ìlera wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀, bí ọmọdé mẹ́wàá bá ní in, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló ń yè é. Bí àrùn kan náà bá mú ọmọ ọdún 17 tàbí ẹni ọdún 23, ìrètí rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ó sì ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé kì í ṣe àrùn náà nìkan ló fà á. Wọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé aláìsàn náà lọ, àti ìlànà tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, wà lára ohun tó fà á. Ọ̀rọ̀ yìí ni ìgbìmọ̀ olóòtú ìwé ìròyìn yìí fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀, àwọn alákòóso ilé ìwòsàn ńlá àti ẹ̀yin òbí gbọ́.

Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé atẹ́gùn kiri ti ń wá, àti sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá kòkòrò àrùn jà, àti àwọn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní platelet, tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá bí a bá fara pa. Bí ALL bá wọlé, irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan tí kò tíì gbó á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i láìdáwọ́ dúró. Kò ní dàgbà, kò ní ṣiṣẹ́, kò sì ní kú nígbà tó yẹ kó kú. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ á ti gba àyè mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Á máa rẹ aláìsàn, ojú rẹ̀ á funfun. Ibà á mú un, á lọ, á tún padà. Ẹ̀jẹ̀ á máa yọ ní èrìgì tàbí ní imú rẹ̀, eegun ẹsẹ̀ àti ti ẹ̀yìn á máa ro ó débi tí kò ní lè sùn. Oríṣi rẹ̀ kan tún wà tó wọ́pọ̀ lára àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin, tó máa ń wú sínú àyà, tó ń fa ikọ́, èémí kúkúrú àti ojú wíwú. Bí kò bá sí ìtọ́jú, oṣù díẹ̀ ló kù.

Ẹ wo àwọn àmì wọ̀nyẹn dáadáa. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò jọ ohun tí a ti mọ̀ nílé. Ara tó gbóná, ibà ni lójú wa, oògùn ibà la ó sì rà. Bí kò bá lọ, wọ́n á ní táífọ́ọ̀dù ni. Eegun ríro lára ọmọ tí a kò tíì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n á ní fọníkú-fọládìde ni. Ikọ́ àti èémí kúkúrú, wọ́n á fi í sórí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọjọ́ á máa lọ, owó á máa lọ.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni àdàlù oògùn tí àwọn kẹ́míìsì kan ń dì sínú ọ̀rá kékeré fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ara ń ro òun. Nígbà púpọ̀, prednisolone tàbí dexamethasone máa ń wà nínú rẹ̀. Àwọn oògùn méjèèjì yìí wà lára èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ALL gan-an. Bí ọ̀dọ́ tó ní àrùn náà bá gbé e mì, ara rẹ̀ á yá fún ìgbà díẹ̀, ibà á lọ, kókó tó bá yọ sí i lọ́rùn á lọ sílẹ̀, gbogbo ilé á sì máa dúpẹ́. Àrùn náà kò lọ. Ó fara pamọ́ ni. Nígbà tó bá tún yọjú, àyẹ̀wò á ti ṣòro láti kà, ó sì ṣeé ṣe kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó kù ti máa gbójú sí oògùn náà. Oògùn tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ kí a tó tà á ni. Àjọ NAFDAC tó ń bójú tó oògùn àti ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn apòògùn mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo wa sì mọ̀ pé wọ́n ń tà á lójú ọjà láìsí ìwé kankan.

Kì í ṣe láti ayébáyé ni àrùn yìí ti ṣeé wò. Títí di nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, ikú ni gbogbo ẹni tó bá ní in ń bá lọ. Ní ọdún 1948, Dókítà Sidney Farber ní ìlú Boston ròyìn pé ara ọmọdé 10 nínú 16 tí òun fún ní oògùn aminopterin yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àrùn náà padà lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Yellapragada Subbarow, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, ló ṣáájú àwọn tó ṣe oògùn náà. Ní ọdún 1962, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn St. Jude sí ìlú Memphis, Donald Pinkel sì di olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Pinkel kọ̀ láti gbà pé kí a kàn sún ọjọ́ ikú síwájú. Ó kó àwọn oògùn tó wà nígbà náà pọ̀, ó fi ìtọ́jú kún un fún ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn níbi tí àrùn náà máa ń sá pamọ́ sí, ó sì ń bá ìtọ́jú lọ fún ọdún méjì sí mẹ́ta. Kí àwọn ọdún 1960 tó parí, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló yè. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn náà, vincristine, inú òdòdó kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Madagascar periwinkle ló ti wá. Òdòdó náà wà lẹ́bàá ọgbà ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn àti Èkó, àwọn onílé sì ń bomi rin ín láìmọ ohun tó ti ṣe fáyé.

Àwọn dókítà ọmọdé ló ṣe iṣẹ́ ribiribi yẹn, inú wọ́ọ̀dù ọmọdé ló sì dúró sí. Àwọn dókítà àgbàlagbà ní ìlànà tiwọn. Kò sẹ́ni tó bèèrè fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ta ló yẹ kó ni ọ̀dọ́langba tó wà láàárín.

Nígbà tí Dókítà Wendy Stock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà bèèrè, wọ́n kó àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ 321 jọ, gbogbo wọn láàárín ọdún 16 sí 20, tí wọ́n tọ́jú láàárín 1988 sí 2001. Àwọn kan ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn dókítà ọmọdé, àwọn kan sọ́wọ́ àwọn dókítà àgbàlagbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, kò sí ìyàtọ̀: ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, 90 nínú 100 ni wọn kò rí àrùn náà mọ́ nínú mùdùnmúdùn eegun wọn. Lẹ́yìn ọdún 7, àwọn tó ṣì wà láàyè nínú àwọn tí wọ́n fi ìlànà ọmọdé tọ́jú jẹ́ 67 nínú 100. Nínú àwọn tí wọ́n fi ìlànà àgbàlagbà tọ́jú, 46 ni. Ọdún 2008 ni wọ́n tẹ ìwádìí yìí jáde. Àwọn ará Faransé ti ṣáájú wọn ní 2003: lára àwọn ọ̀dọ́ ẹni ọdún 15 sí 20 níbẹ̀, 67 nínú 100 ló la ọdún 5 já láìjẹ́ pé àrùn padà tàbí pé nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ sí wọn lábẹ́ ìlànà ọmọdé, nígbà tí ti àgbàlagbà jẹ́ 41.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ìdílé kan. Ọjọ́-orí àwọn ọmọ náà kò yàtọ̀, orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n wà, orúkọ àrùn wọn kò yàtọ̀. Ibi tí ìwé tí dókítà àkọ́kọ́ kọ darí wọn sí ló yàtọ̀. Nínú àwọn ọmọ ọgọ́rùn-ún, ogún àti ọ̀kan ló wà láàárín 46 sí 67.

Kí ni ìlànà ọmọdé ní tí ti àgbàlagbà kò ní? Ìlànà àgbàlagbà àtijọ́ gbára lé àwọn oògùn tó ń pa mùdùnmúdùn eegun fún ìgbà díẹ̀, àti ìpààrọ̀ mùdùnmúdùn fún àwọn tó bá rí olùfúnni. Ìlànà ọmọdé fi vincristine, oògùn bíi dexamethasone àti asparaginase ṣe òpó. Ó ń lò wọ́n púpọ̀ sí i, ó ń lò wọ́n léraléra. Ó ń fi oògùn sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn ní kùtùkùtù, ó sì ń tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn náà ni ìtọ́jú ìmúdúró máa ń tẹ̀ lé e fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: mercaptopurine lójoojúmọ́, methotrexate lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ohun mìíràn sì wà tí kò sí nínú ìgò oògùn. Àwọn dókítà ọmọdé kì í sún ọjọ́ oògùn síwájú láìnídìí. Bí ìlànà bá ní ọjọ́ Tuesday, ọjọ́ Tuesday ni. Wọ́ọ̀dù àgbàlagbà, tó kún fún onírúurú àìsàn, kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ mọ́ ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni àwọn ilẹ̀ mìíràn ti yí padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò UKALL 2003 gba àwọn ọ̀dọ́ títí dé ọdún 24 sínú ìlànà tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọdé, ó sì lé ní 70 nínú 100 àwọn ẹni ọdún 16 sí 24 tó la ọdún 5 já láìjẹ́ pé àrùn padà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn dókítà àgbàlagbà fúnra wọn gbé ìlànà ọmọdé lọ sí wọ́ọ̀dù wọn nínú ìwádìí tí wọ́n pè ní CALGB 10403, fún àwọn ẹni ọdún 17 sí 39. Lẹ́yìn ọdún 3, 73 nínú 100 ló wà láàyè. Èyí ló ṣe pàtàkì jù lójú tiwa, nítorí ó fi hàn pé kì í ṣe dandan kí ọkùnrin ẹni ọdún 30 lọ dùbúlẹ̀ sáàárín àwọn ọmọ jòjòló. Ìlànà náà ló yẹ kó kúrò lọ́dọ̀ ọmọdé wá bá a.

A kò ní fi ọ̀rọ̀ náà ṣe bí ẹni pé ó rọrùn. Ara ọ̀dọ́ kì í gba oògùn wọ̀nyí bí ara ọmọ ọdún 4. Asparaginase lè ba ẹ̀dọ̀ àti àmọ́ jẹ́, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, ewu náà sì ń pọ̀ bí ènìyàn bá ti ń dàgbà tàbí bó bá sanra jù. Dexamethasone àti prednisolone lè pa orí eegun ìbàdí, àwọn tó wà láàárín ọdún 10 sí 20 ló sì ń jìyà rẹ̀ jù. Oríṣi àrùn tó rọrùn láti wò kò wọ́pọ̀ lára ọ̀dọ́ bó ṣe wọ́pọ̀ lára ọmọdé. Ìdí nìyẹn tí dókítà ọmọdé nìkan kò fi lè dá a ṣe, tí dókítà àgbàlagbà nìkan náà kò sì lè dá a ṣe. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jókòó pọ̀.

Ní Nàìjíríà ńkọ́? Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ló ń dá ààlà ọjọ́-orí tirẹ̀. Ọmọ ọdún 15 tí wọ́n máa gbà sí wọ́ọ̀dù ọmọdé ní ibì kan, wọ́ọ̀dù ọkùnrin àgbà ni wọ́n máa gbé e lọ ní ibòmíràn. Orí ló ń ṣe é. Àwa kò dá àwọn dókítà wa lẹ́bi. Àwọn tó kù nílé nínú wọn, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ wọn ti sọdá òkun, ń fi ọwọ́ kan ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́ta. Ẹ̀bi náà wà lọ́rùn àwọn tó ń ṣètò, tí wọn kò tíì sọ fún wọn pé ìlànà kan ni kí gbogbo ilé ìwòsàn máa tẹ̀ lé.

Ẹ̀bi kejì ni ti owó. Ó lé ní 70 nínú owó 100 tí à ń ná sórí ìlera ní orílẹ̀-èdè yìí tó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde. Àìsàn ọ̀sẹ̀ kan, ẹbí lè kó owó jọ fún un. ALL kì í ṣe àìsàn ọ̀sẹ̀ kan. Oògùn rẹ̀ lé ní ọdún méjì, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fà síni lára, platelet, àyẹ̀wò, oògùn kòkòrò àrùn àti owó ọkọ̀. Ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹbí á ta ilẹ̀, á gbé oṣù àkọ́kọ́ já, àrùn á pòórá, ara ọmọ á yá, wọn á sì mú un lọ sílé pẹ̀lú ọpẹ́. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àrùn á padà, ìtọ́jú èkejì á sì le ju ti ìṣáájú lọ lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìwádìí ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ẹni tí kò bá lo tó 95 nínú 100 oògùn mercaptopurine rẹ̀, ewu kí àrùn padà ju ìlọ́po méjì lọ. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gba oògùn lọ́wọ́ ìjọba tàbí adójútòfò nìyẹn. Níbi tí ẹbí ti ń ra oògùn bí owó bá ṣe wọlé, ẹ fọkàn rò ó.

Òfin adójútòfò ìlera tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 sọ adójútòfò di dandan, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lágbára. Àpò tí ìjọba àpapọ̀ tún dá sílẹ̀ fún ìtọ́jú jẹjẹrẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú jẹjẹrẹ ọmú, ti ẹnu ilé-ọmọ àti ti prostate. A kí ìjọba fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀gbẹ́ wa: láti ọdún 2022 ni adójútòfò ìjọba Ghana ti ń sanwó ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmọdé mẹ́rin, ALL sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ọrọ̀ ajé Ghana kò tóbi tó tiwa.

Ẹ̀bi kẹta ni ti ìyanṣẹ́lódì. Ní ọdún 2021, àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ amọ̀ṣẹ́dunjú nílé ìwòsàn ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ 63. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti bèèrè owó iṣẹ́ wọn, ìjọba tó fọwọ́ sí àdéhùn tí kò sì mú un ṣẹ ló kọ́kọ́ jẹ̀bi. Síbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì tó ń bí sí i lójoojúmọ́ kò mọ̀ pé àdéhùn kan ti yẹ̀.

A mọ̀ pé ó ṣeé ṣe láti ṣe é dáadáa, nítorí wọ́n ti ṣe ohun tó jọ ọ́ nílẹ̀ Yorùbá níbí. Láti ọdún 2003 ni àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ mìíràn, chronic myeloid leukemia, ti ń gba oògùn imatinib lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, lábẹ́ ètò tí ilé iṣẹ́ Novartis àti Max Foundation gbé kalẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Muheez Durosinmi sì ṣáájú rẹ̀. Láàárín oṣù Kẹjọ ọdún 2003 sí oṣù Kẹjọ ọdún 2007, wọ́n gba aláìsàn 98, wọ́n kọ ìwé lórí wọn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde fáyé rí. Ibùdó kan, oògùn ọ̀fẹ́, àkọsílẹ̀ tó péye, àti àwọn ènìyàn tó tẹra mọ́ ọn: ohun tó gbé ètò náà ró nìyẹn. Àwọn kan nínú ọ̀dọ́ tó ní ALL pàápàá nílò imatinib yẹn, nítorí pé àbùkù tó ń fa àrùn ti àwọn aláìsàn Ifẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì tiwọn náà. Bí a kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, a kò ní mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n, tí ó sì kan àwọn ọmọ wa ní London àti Houston. Nínú ìtọ́jú ìmúdúró, iye sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ń pè ní neutrophil ni dókítà ń wò kó tó pinnu iye mercaptopurine tí yóò fún aláìsàn. Bí iye náà bá lọ sílẹ̀ jù, á dín oògùn kù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa kò ní àmì Duffy lára sẹ́ẹ̀lì pupa wa. Ẹ̀bùn tí àwọn baba ńlá wa fi sílẹ̀ ni, ó ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ irú ibà kan, àmọ́ ó tún ń mú kí iye neutrophil wa kéré ju ti àwọn òyìnbó lọ láìjẹ́ pé àìsàn kankan ń ṣe wá. Ayé kò lè ní òun kò mọ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá ní Ìbàdàn wà lára ti ẹ̀yà mẹ́rin àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ ìwádìí HapMap, èyí tó jáde ní 2005, fi yàwòrán àjogúnbá ọmọ ènìyàn. Dókítà tó bá ń fi òṣùwọ̀n òyìnbó wọn aláìsàn Yorùbá lè dín oògùn kù láìnídìí, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ṣínà fún àrùn láti padà. A fẹ́ kí ìlànà tí a ó lò nílé ní òṣùwọ̀n tiwa, kí àwọn òbí tó wà lẹ́yìn odi sì bèèrè lọ́wọ́ dókítà ọmọ wọn bóyá ó ti yẹ Duffy rẹ̀ wò.

Ohun tí à ń bèèrè fún kọ́ ni ìtọ́jú tó wọ́n jù láyé. Ní ọdún 2017, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú tí wọ́n fi ń tún sẹ́ẹ̀lì aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣe kó lè bá ALL jà, fún àwọn tí kò ju ọdún 25 lọ. Iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé e ni 475,000 dọ́là fún ẹnì kan. Ìyẹn kò tíì kàn wá. Vincristine, prednisolone, methotrexate, mercaptopurine àti asparaginase tó ń gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là, oògùn àtijọ́ ni wọ́n, gbogbo wọn sì wà nínú ìwé oògùn kòṣeémánìí ti àjọ WHO.

Nítorí náà, ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú NICRAT, ibùdó ìwádìí àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí òfin ọdún 2017 dá sílẹ̀, ló yẹ kó pe àwọn dókítà ọmọdé àti àwọn dókítà ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà jọ, kí wọ́n kọ ìlànà kan fún gbogbo ẹni ọdún 15 sí 39 tó bá ní ALL. Kí ìlànà náà tinú ti ọmọdé jáde, kó sì bá agbára ilé ìwòsàn wa mu, nítorí oògùn líle láìsí ẹ̀jẹ̀, platelet àti oògùn kòkòrò àrùn nítòsí lè pa aláìsàn kí àrùn tó pa á. Kí wọ́n yan ibùdó díẹ̀ tó lágbára láti bẹ̀rẹ̀: UCH ní Ìbàdàn, OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀ àti LUTH ní Ìdí-Àràbà wà lára àwọn tí a lè kọ́kọ́ rò. Bí ilé ìwòsàn kékeré bá ti fura, kó fi aláìsàn ránṣẹ́ síbẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, láìkọ́kọ́ dán prednisolone wò. Ibùdó ìforúkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ti wà ní Ìbàdàn láti 1960. Kí gbogbo ọ̀dọ́ tí wọ́n bá tọ́jú ní orúkọ níbẹ̀, kí a lè mọ iye tó yè àti iye tó kú, àti ohun tó fà á.

Kí NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, àti àwọn adójútòfò ìpínlẹ̀ san owó ìtọ́jú náà láti ọjọ́ àyẹ̀wò àkọ́kọ́ dé ọjọ́ tí wọ́n bá gbé mercaptopurine ìkẹyìn mì. Bí adójútòfò bá sanwó oṣù mẹ́ta, tó sì fi ọdún méjì tó kù sílẹ̀ fún ẹbí, owó tí ó ná lákọ̀ọ́kọ́ ti ṣòfò. Kí ó san owó àyẹ̀wò pẹ̀lú, nítorí ojú lásán lórí maikirosíkóòpù kò lè sọ irú ALL tó jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rí sẹ́ẹ̀lì kan tó kù láàárín ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, èyí tó ń sọ ẹni tí àrùn máa padà sí.

Àjọ NAFDAC ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe lórí asparaginase. Oògùn tó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù ni, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 ti Celsius, láti ibi tí ọkọ̀ òfurufú ti já a dé ibi tí nọ́ọ̀sì ti fà á sínú abẹ́rẹ́. Bí iná bá lọ ní ilé ìkẹ́rùsí tí kò sí jẹnẹrétọ̀, omi lásán la ń fún aláìsàn. Ní Brazil, ní ọdún 2017, àwọn dókítà jẹjẹrẹ ọmọdé figbe ta nítorí asparaginase kan tí ìjọba rà wọlé nítorí pé ó dín lówó, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ìdọ̀tí pọ̀ nínú rẹ̀. Kí a má dúró dìgbà tí irú rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ìjọba máa rà á papọ̀ fún gbogbo ibùdó, kí NAFDAC yẹ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan wò kó tó dé ilé ìwòsàn.

Kí ìjọba àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà fọwọ́ sí àdéhùn pé ìyanṣẹ́lódì kankan kò ní kan wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ àti yàrá ìpò-oògùn rẹ̀. Pípo oògùn wọ̀nyí àti fífún aláìsàn ní wọn tún jẹ́ iṣẹ́ tí wọn kò gbọdọ̀ gbé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Vincristine tó ń gba ẹ̀mí là bí wọ́n bá fún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ikú ni bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì fún un sínú ọ̀pá ẹ̀yìn.

Ọ̀dọ́ ní ohun tí ọmọdé kò ní: ìdánwò, iṣẹ́, àfẹ́sọ́nà. Ọmọ tó yẹ kó ṣe WAEC tàbí JAMB lọ́dún tó ń gba oògùn kò gbọdọ̀ ṣe é nínú ibà, kò sì gbọdọ̀ pàdánù owó àti àyè rẹ̀. Kí àwọn àjọ méjèèjì àti NYSC ní ìlànà tó ṣe kedere fún sísún ọjọ́ síwájú pẹ̀lú ìwé dókítà. Nípa ọmọ bíbí, tí a mọ bó ti jẹ wá lógún tó, cyclophosphamide tó wà nínú ìtọ́jú náà lè pa á lára. Ọkùnrin tó bá ti bàlágà lè fi àtọ̀ rẹ̀ pamọ́ kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kí dókítà sọ ọ́ sí etí òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe sí etí baba àti ìyá nìkan. Àìbá ọ̀dọ́ fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ wà lára ohun tó lè mú kí àwọn ọ̀dọ́ máa fi oògùn wọn pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí bí ara wọn bá ti yá.

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ̀yin pásítọ̀ àti àáfà, a kò ní kí ẹ má gbàdúrà. A ní kí ẹ gbàdúrà pẹ̀lú oògùn lọ́wọ́. Bí ibà ọmọ yín bá padà lẹ́yìn oògùn tó péye, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ ní èrìgì rẹ̀, bí eegun rẹ̀ bá ń ro ó lóru, ẹ bèèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kíkún. Àyẹ̀wò kékeré ni, ilé ìwòsàn púpọ̀ lè ṣe é. Bí wọ́n bá sì sọ fún yín pé àrùn ti pòórá lẹ́yìn oṣù kan, ẹ má dá ìtọ́jú dúró. Ọdún méjì tó kù ló ń wò ó sàn.

Minísítà ètò ìlera, àwọn kọmíṣánnà ìlera ní gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá àti àwọn ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wa ni a ń bá sọ̀rọ̀ jù. Ẹ pe àwọn dókítà yín jọ kí ọdún yìí tó parí, ẹ gbé ìlànà kan jáde fún àwọn ẹni ọdún 15 sí 39, kí ẹ sì kọ iye tí adójútòfò yóò san sínú rẹ̀.